Ọjọ́ tí ìjọba ẹkùn kú ní Kàdúná

Bí wọ́n bá ní kí n nàka sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ariwo "kálukú máa lọ sílé baba rẹ̀" ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní Nàìjíríà, Kàdúná ni mo máa nàka sí, ọjọ́ Sátidé, 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn ni pé àwọn sójà pa Sardauna. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n pa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lórí rédíò, tí ẹnikẹ́ni ò sunkún rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọjọ́ náà láti wákàtí dé wákàtí.

Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́

Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, Pírémíà Ìwọ̀-Oòrùn, wọ bàálù wá sí Kàdúná lọ́jọ́ Jímọ̀, 14 oṣù náà. Iná ń jó nílé tó fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò ẹkùn ní oṣù kẹwàá 1965 ni wọ́n ti ń da pẹtiróòlù sí ara èèyàn àti sí ilé olóṣèlú ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n ń pè é ní "wetie". Ẹni tó wá bá ni Alhaji Sir Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó, Pírémíà Àríwá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé láti ibi Úmúrà. Ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn ààwẹ̀ ni wọ́n wà. Akíntọ́lá sọ fún un pé àwọn sójà ń gbèrò nǹkan, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Sardauna gbọ́, ṣùgbọ́n kò tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Akíntọ́lá padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn méjèèjì ti kú.

Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun abẹ́lé lè má mọ ohun tó ń jẹ́ Pírémíà. Kò jọ gómìnà òde òní tó ń wo ojú Àbújá lóṣooṣù. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé òfin tirẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, aṣojú tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àjọ tó ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ láti tà á sókè òkun. Ìdajì owó tó bá ń wọlé lórí ohun àmúṣọrọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹkùn tí wọ́n ti wa nǹkan náà ló ni ín. Owó kòkó ló gbé Ilé Kòkó dúró ní Ìbàdàn, òun náà ló gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ní ti Àríwá, ẹ̀pà àti òwú ni. Ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles ti ń hun aṣọ láti 1957, Yunifásítì Ahmadu Bello ti ṣílẹ̀kùn ní Zaria ní 1962, ẹkùn ní rédíò tirẹ̀ ní Kàdúná, ìwé ìròyìn New Nigerian sì jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1 oṣù kìíní 1966, ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú òru tí à ń sọ yìí.

Ẹ tún wo èyí. Sardauna ni olórí ẹgbẹ́ NPC, ẹgbẹ́ tó ní aṣòfin jù lọ nílé ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Òun ni ì bá jẹ́ olórí ìjọba l'Ékòó. Ó gbé ipò yẹn fún igbákejì rẹ̀, Abubakar Tafawa Balewa, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sí Kàdúná. Ta ni nínú àwọn olóṣèlú tòní ló máa rí ipò olórí Nàìjíríà nílẹ̀ tí yóò ní kí wọ́n gbé e fún ọmọ ẹ̀yìn òun, kí òun lọ máa ṣe gómìnà? Nígbà yẹn, ipò náà ò tíì tó ohun tí wọ́n ń kú sí. Ẹni tó bá ní yàrá tirẹ̀ nínú agbo ilé, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ janpata lórí ẹni tó jẹ́ baálé.

Aago méjìlá òru

Ó ti tó òru mélòó kan tí àwọn ará Kàdúná ti ń rí sójà tó ń rìn káàkiri lálẹ́. Ìdánrawò ni wọ́n pè é, Damisa lorúkọ rẹ̀. Ojú ti mọ́ wọn, kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkankan mọ́. Ẹni tó ń darí ìdánrawò náà ni Méjọ̀ Patrick Chukwuma Nzeogwu, ọ̀gá àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn sójà.

Ọmọ Ígbò láti Okpanam, nítòsí Asaba, làwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1937, St. John's College ní Kàdúná ló lọ, ó ń fọ Haúsá geere, ìlú náà sì ti di orúkọ mọ́ ọn lára: Kaduna Nzeogwu ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹni ọdún 28 ni. Bí ẹnì kan bá wà ní Nàìjíríà tí kò yẹ kó mọ ibi tí "ilé baba rẹ̀" wà, òun ni. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ ẹkùn wọ̀ ọ́ lára rárá. Ìwà rìbá àwọn olóṣèlú ló ń bí i nínú, ó sì gbà pé ìbọn lè wò ó sàn.

Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tó ṣe lẹ́yìn náà, ó ní inú igbó lóru yẹn ni ọ̀pọ̀ sójà òun tó mọ̀ pé ìdánrawò ti parí, ó sì ní ẹni tó bá fẹ́ padà lẹ́yìn ní àǹfààní láti padà. Ọta gidi wà nínú ìbọn wọn. Ọmọ Àríwá sì wà nínú wọn dáadáa.

Aago méjì òru

Nǹkan bí aago méjì ni wọ́n dé ilé Sardauna. Nzeogwu ló síwájú. Wọ́n fi àgbá tí wọ́n fi ń fọ́ ọkọ̀ ogun fọ́ ilé náà, iná sì gba ibẹ̀. Bọ́ǹbù ọwọ́ tí Nzeogwu fi ṣí ọ̀nà ta padà sí òun náà, àfọ́kù rẹ̀ ṣe é léṣe lọ́rùn. Báńdéèjì tí wọ́n fi dì í ló fi bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti rí Sardauna, láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á. Hafsatu, ìyàálé, kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìránṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́, Zarumi, tó gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀, kú síbẹ̀. Nǹkan ìjà kò pọ̀ nílé náà. Pírémíà tó ń ṣàkóso ẹkùn tó ju ìdajì ilẹ̀ Nàìjíríà lọ kò ní sójà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo agbára ló wà lọ́wọ́ ẹkùn, àfi ìbọn. Ìbọn wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó ni ìbọn ló sì wọlé lóru ọjọ́ yẹn.

Aago mẹ́ta

Ibí yìí ló kan àwa Yorùbá, a kì í sì í sábà sọ ọ́ tán.

Olórí gbogbo sójà Kàdúná kì í ṣe ọmọ Haúsá. Bírígédíà Samuel Adémúlẹ̀gún, ọmọ Oǹdó, ni. Ọ̀rẹ́ Sardauna ni. Méjọ̀ Timothy Onwuatuegwu ló kó àwọn sójà lọ sílé rẹ̀. Wọ́n wọlé bá òun àti ìyàwó rẹ̀, Latifat, ní yàrá. Oyún wà nínú obìnrin náà. Wọ́n yìnbọn fún àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ wọn kéékèèké sì wà nínú ilé náà nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ní òru kan náà ni wọ́n pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹ̀indé, igbákejì olórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, Yorùbá lòun náà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná ni pé Ígbò dìde pa Haúsá, ẹ bi í léèrè nípa Adémúlẹ̀gún àti Ṣódẹ̀indé. Ẹ tún bi í nípa Méjọ̀ Adéwálé Adémóyèga, ọmọ Yorùbá tó wà lára àwọn tó gbìmọ̀ náà, tó kọ ìwé Why We Struck jáde ní 1981, tó sì sọ níbẹ̀ pé wọ́n fẹ́ tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n Kàlàbá. Ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń pa á nítàn lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tí àwọn èèyàn bá gbà gbọ́ ló ń lé wọn jáde nílé, kì í ṣe èyí tó lọ́jú pọ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́

Ní Ìbàdàn, Akíntọ́lá fìbọn dá wọn lóhùn kí wọ́n tó pa á. L'Ékòó, wọ́n gbé Balewa àti Festus Okotie-Eboh, mínísítà ètò ìnáwó, lọ. Wọ́n pa àwọn ọ̀gá ológun: Maimalari, Kur Mohammed, Pam, Largema àti Unegbe, ẹni kan ṣoṣo tó jẹ́ ọ̀gá ológun Ígbò nínú àwọn tó kú. Ní Ẹnúgu, Àlùfáà Àgbà Makarios, olórí Sápírọ́ọ̀sì, wà lálejò lọ́dọ̀ Michael Okpara, Pírémíà Ìlà-Oòrùn, nǹkan kan ò sì ṣe Okpara. Nǹkan kan ò ṣe Dennis Osadebay, Pírémíà Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, náà ní Benin. Nínú Pírémíà mẹ́rin, méjì kú, méjì yè. Àwọn méjì tó yè jẹ́ Ígbò. Kò sẹ́ni tó nílò ju èyí lọ láti ka ìṣirò náà parí.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ti kọjá tí àwọn olórí ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì túká l'Ékòó. Ìpàdé tí Balewa gbà lálejò ní 11 àti 12 oṣù kìíní dá lórí Rhodesia, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ ti kéde òmìnira fúnra wọn ní oṣù kọkànlá 1965, láìbi àwọn aláwọ̀ dúdú tó pọ̀ jù wọ́n lọ. Gbogbo ayé fẹnu kò pé ohun tó ń jẹ́ òmìnira kọ́ nìyẹn. Harold Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kúrò l'Ékòó. Balewa lọ sùn.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀

Àwọn ará Kàdúná jí bá sójà lójú ọ̀nà àti èéfín nílé Pírémíà. Wọ́n ti mú Gómìnà Àríwá, Sir Kashim Ibrahim. Méjọ̀ Hassan Usman Katsina, ọmọ Ẹ́míà Katsina, wà nínú ìlú pẹ̀lú àwọn sójà ọkọ̀ ìjà tó ń darí. Nzeogwu bi í pé ẹ̀yìn ta ló wà, Hassan sì sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lòun wà. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, tí wọ́n na ìbọn sí mi láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí màá sọ náà nìyẹn.

Nzeogwu ránṣẹ́ pe àwọn akọ̀wé àgbà ìjọba ẹkùn, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Aago méjìlá ọ̀sán

Nǹkan bí aago méjìlá ni ohùn rẹ̀ jáde lórí Rédíò Kàdúná. Ní orúkọ ìgbìmọ̀ gíga ìyípadà àwọn ológun Nàìjíríà, ó kéde ìjọba ológun lórí ilẹ̀ Àríwá. Ìwé òfin ti dákẹ́. Ìjọba ẹkùn ti túká, àwọn aṣòfin tí wọ́n dìbò yàn ti túká. Ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ àṣà, ẹgbẹ́ ìlú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ìjọsìn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ó wá ka ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú jẹ́ èrè wọn: kíkó owó ìlú jẹ, gbígba rìbá, ìfipábánilòpọ̀, dídí ìyípadà náà lọ́wọ́, àti àwọn mìíràn. Ẹni tó bá ń rìn gbéregbère, ẹni tó bá ń pariwo kiri, àtìmọ́lé ni. Ẹni tó bá ń wojú, tí kò jáde sọ pé tàwọn lòun ń ṣe, ìyà tí ọ̀gá ológun àdúgbò bá rí pé ó yẹ ẹ́ ni. Ó dárúkọ àwọn ọ̀tá: àwọn tó ń fi òṣèlú jèrè, oníjìbìtì, àwọn ọ̀gá àti ọmọ abẹ́ tó ń gba ìdá mẹ́wàá, àwọn tó fẹ́ kí orílẹ̀-èdè yìí máa pín sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè pẹ́ nípò.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà lọ ka ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Apá ibi tí ó ti bú àwọn olórí jìbìtì, bí ẹnì kan bá kà á sórí rédíò ní ọ̀la, àwọn èèyàn yóò pàtẹ́wọ́. Ohun tó ń ká mi lára ni rédíò tó ti sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ rédíò yẹn, ẹkùn ló dá a sílẹ̀, owó ẹ̀pà ló gbé e ró, kí Àríwá lè ní ohùn tirẹ̀ tí kì í ṣe ti Èkó. Láti inú ohùn yẹn gan-an ni wọ́n ti kéde pé ẹkùn ò ní ìjọba mọ́. Kò sì sí ibì kan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n ti ní kí wọ́n bi ará Sókótó, ará Jos tàbí ará Ìlọrin bóyá ó bá a mu. Ìjọba tí àwọn ará Àríwá gbà ní 15 oṣù kẹta 1959, kò tó ọdún méjì lẹ́yìn tí Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn ti gba tiwọn ní oṣù kẹjọ 1957, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan tó di ọrùn ní báńdéèjì ló gbà á padà.

Aago mẹ́ta ọ̀sán

Rédíò Èkó náà ti sọ tirẹ̀ lọ́sàn-án: àwọn sójà kan ló ṣọ̀tẹ̀, wọ́n ti gbé olórí ìjọba lọ, àwọn yòókù nínú ológun ṣì wà lẹ́yìn ìjọba àpapọ̀. Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi ti kó àwọn sójà Èkó jọ sẹ́yìn ara rẹ̀, ìdìtẹ̀ náà ò sì yọrí síbẹ̀. Kàdúná nìkan ló bọ́ sọ́wọ́ Nzeogwu. Ó di pé ọmọkùnrin tó ní òun ò fẹ́ kí Nàìjíríà pín ló wá di ẹkùn kan mú fúnra rẹ̀, tí ìjọba Èkó ò lè paṣẹ fún un. Ọjọ́ díẹ̀ ló fi wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bá a ṣàdéhùn, ó tẹ̀lé wọn lọ sí Èkó, wọ́n sì tì í mọ́lé. Hassan Katsina di gómìnà ológun Àríwá.

Ìgbà ìṣínu

Wọ́n sin Sardauna sí Ungwan Sarki ní Kàdúná, ní ìlànà Mùsùlùmí. Oòrùn wọ̀, wọ́n sì ṣínu. Ìlú dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Àwọn kan ní Gúúsù rò pé inú Àríwá dùn pé wọ́n bọ́ lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú.

Àwọn tó rò bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé Àríwá ló kọ́kọ́ mọ ọ̀nà àbájáde. Ní ìpàdé gbogbogbòò tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní 1950, àwọn Ẹ́míà Zaria àti Katsina ní bí Àríwá ò bá ní ìdajì ìjókòó nílé aṣòfin àpapọ̀, àwọn yóò máa lọ. Ní oṣù kẹta 1953, nígbà tí Anthony Enahoro gbé àbá dìde pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956, Sardauna sọ fún ilé pé àṣìṣe ni àpapọ̀ Àríwá àti Gúúsù tí wọ́n ṣe ní 1914, àwọn ará Èkó sì hó lé àwọn aṣòfin Àríwá lórí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, rògbòdìyàn ṣẹ́ ní Kánò, èèyàn 36 kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn aṣòfin àti àwọn ọba Àríwá jókòó pọ̀ ní Kàdúná, wọ́n sì fọwọ́ sí ètò onípele mẹ́jọ: kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa ṣe òfin ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ilé aṣòfin àpapọ̀ má sí mọ́, kí àjọ kan tí kò ní òṣèlú nínú máa bójú tó ìwọ̀nba nǹkan bí ààbò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti owó ibodè.

Kì í ṣe wọn nìkan. Lọ́dún 1953 kan náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, Awólọ́wọ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sí Lyttelton, mínísítà àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, pé Ìwọ̀-Oòrùn lè yà kúrò. Gẹ̀ẹ́sì fèsì pé àwọn yóò ka irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ sí lílo ipá. Lásìkò ìbò 1964, ìjọba Okpara náà halẹ̀ pé Ìlà-Oòrùn lè máa lọ. Gbogbo wọn ló halẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ. Ìdí tí mo rí ni pé ìwé òfin 1954 ti fún kálukú ní ohun tó lè máa fi ṣe ara rẹ̀ lóore níbi tó wà. Ẹ wo Scotland náà, tó gba ilé aṣòfin tirẹ̀ ní 1999. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 2014 bóyá kí wọ́n máa lọ, 55 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ò lọ.

N kò sọ pé ẹkùn jẹ́ ọ̀run rere o. Ẹ bi àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà tí wọ́n wà lábẹ́ Kàdúná, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ darapọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ bi àwọn Tiv, tí wọ́n dìde lẹ́ẹ̀mejì, ní 1960 àti 1964, tí sójà fi ní láti lọ. Ìgbìmọ̀ Willink rin gbogbo Nàìjíríà ní 1957 sí 1958, ó gbọ́ ẹkún àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ó sì ní kí wọ́n má dá ẹkùn tuntun sílẹ̀. Pírémíà tó ń jà fún kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Èkó kì í fẹ́ fún ará ilé rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ìwà yẹn ò tíì tán. Àwọn ará gúúsù ìpínlẹ̀ Kàdúná ń béèrè ìpínlẹ̀ Gurara títí dòní, ohun tí wọ́n sì ń sọ nípa ìlú Kàdúná kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn kan ń sọ nípa Àbújá.

Aago méjìlá òru Sátidé

Ọjọ́ náà parí, àmọ́ ohun tó dá sílẹ̀ ò parí. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ní 23 oṣù kejì, Isaac Adaka Boro, ọmọ Ìjọ̀, kéde orílẹ̀-èdè Niger Delta. Ọjọ́ méjìlá ló fi jà. Balewa tí Boro rò pé ó lè dáàbò bo àwọn Ìjọ̀ ti kú. Ní 24 oṣù karùn-ún, Ironsi, tó ti di olórí ìjọba ológun, gbé Òfin 34 jáde: kò sí ẹkùn mọ́, Nàìjíríà di ìjọba kan ṣoṣo. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Àríwá tó dákẹ́ la ẹnu. Rògbòdìyàn bẹ́ ní Kánò, ní Zaria, ní Kàdúná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbé pátákó tí wọ́n kọ "Araba" sí, ìyẹn "ẹ jẹ́ ká pín". Ẹ kíyè sí i: ohùn ìyapa tó kọ́kọ́ dún ní ojú pópó ní 1966, ní èdè Haúsá ló ti wá. Ní 29 oṣù keje, àwọn sójà Àríwá pa Ironsi àti ẹni tó gbà á lálejò, Fájuyì, ní Ìbàdàn. Wọ́n pa Ígbò nílé àti lójú ọ̀nà káàkiri Àríwá, Kàdúná wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Yakubu Gowon, sójà ọmọ Àríwá, gba ìjọba, Àríwá wá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé Èkó ti bọ́ sí i lọ́wọ́. A ò gbọ́ Araba mọ́. Ìlà-Oòrùn ló gbà á, ó sọ ọ́ ní Biafra ní 30 oṣù karùn-ún 1967.

Nzeogwu jáde lẹ́wọ̀n, ó jà fún Biafra, ó kú nítòsí Nsukka ní oṣù keje 1967. Ìjọba Gowon gbé òkú rẹ̀ lọ sí Kàdúná, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ ní ìsìnkú ológun.

Ilé tí wọ́n ti pa Sardauna ni wọ́n sọ di Arewa House, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìtàn Àríwá sí. Níbẹ̀ gan-an, ní 6 oṣù kẹfà 2017, ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Àríwá kan ti ka ìwé tó ní kí gbogbo Ígbò kúrò ní Àríwá kó tó di 1 oṣù kẹwàá, nítorí pé ẹgbẹ́ IPOB ń pariwo Biafra. Gómìnà El-Rufai ní kí wọ́n mú wọn. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n dá ìkìlọ̀ náà dúró. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ó kan àwa náà: Sunday Ìgbòho ń pariwo Orílẹ̀-èdè Yorùbá, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fọ́ ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1 oṣù keje 2021, wọ́n mú un ní Kotonú kí oṣù náà tó parí. Ariwo náà ń yí ká bí àga ìjọba ṣe ń yí ká. Ẹni tí àga bá fi sílẹ̀ ló ń gbé e.

Kì í sì í ṣe pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Ní oṣù kẹta 2023, wọ́n yí ìwé òfin padà, wọ́n fún ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọkọ̀ ojú irin, láti pèsè iná mànàmáná àti láti dá ọgbà ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Wọn ò fún wọn ní ọlọ́pàá. Owó epo tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń wà á jẹ́ 13 nínú ọgọ́rùn-ún, níbi tó jẹ́ 50 ní àkókò àwọn Pírémíà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé kí Yorùbá máa lọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó bá dárúkọ ìpínyà ọ̀dàlẹ̀ ni, mo bẹ̀ yín, ẹ jọ wá ètò onípele mẹ́jọ ti Kàdúná ní 1953 kà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Gúúsù ń béèrè lónìí ló wà níbẹ̀, Sardauna àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti béèrè rẹ̀ ṣáájú wa.